Ọ̀rọ̀-ìṣe Kí Èdè Tó Pínyà

Ẹni tó bá wọ ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn láàárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń já tòmátò àti tàtàṣé tó ti Òkè Ọya dé, lè gbọ́ orúkọ àdúgbò náà lọ́nà méjì. Oníbàárà tó ti Abẹ́òkúta wá á pè é ní Ṣáṣá. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìbàdàn á ní Sásá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀rọ̀-ìṣe. "Kí lo fẹ́ ṣe?" á di "kí lo fẹ́ se?", ẹni tí wọ́n fi àdá ṣá àti ẹni tó sá fún àdá á sì di ọ̀kan náà létí àlejò. Àwọn ará ìlú yòókù ti fi èyí ṣe Ìbàdàn ní yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn. Ẹ jẹ́ ká gbé yẹ̀yẹ́ tì ná, ká béèrè ohun tó ṣe kókó: nínú ṣe àti se, èwo ló dàgbà jù? Èwo ló wà lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wa kí Ìbàdàn tó di Ìbàdàn, kí Èkìtì tó di Èkìtì, kódà kí Ígálà tó yà kúrò lára wa?

Ìmọ̀ kan wà tó ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, orí ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1786, William Jones, adájọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Calcutta, sọ ní gbangba pé Sáńsíkírì, Gíríìkì àti Látìn jọra kọjá ohun tí èèṣì lè fà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1816, Franz Bopp ní Jámánì tẹ ìwé kan jáde tó dá lórí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà nínú àwọn èdè wọ̀nyẹn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Èdè a máa yá orúkọ aṣọ, oúnjẹ àti irinṣẹ́. Àwa náà yá tábìlì, a yá àlùbọ́sà, a sì yá bùrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èdè ń gbà so ìṣe mọ́ ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é, ìyẹn kì í sábà wà lára ẹrù tí oníṣòwò ń gbé kiri. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ìbátan máa ń pamọ́ sí. August Schleicher ló wá sọ ọ́ di àṣà láti fi ìràwọ̀ kékeré síwájú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, tí a kàn ronú kàn: *báyìí. Ìràwọ̀ yẹn kò ju ìkìlọ̀ lọ. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé ìròrí nìyí, a kò bá a níbi kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi Látìn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Èdè tó bí Látìn, tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Ítálì kí Róòmù tó di ohun tí ayé ń bẹ̀rù, kò fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀. Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ni pé Látìn ní àwọn ìbátan nítòsí tí Róòmù gbé mì lẹ́yìn náà: Oscan ní gúúsù, Umbrian ní àríwá, Faliscan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ní 1444 ni wọ́n rí wàláà idẹ méje ní ìlú Gubbio, ètò ìrúbọ ni wọ́n kọ sí i lára ní èdè Umbrian. Òkúta kan náà wà tí ìlú Abella àti ìlú Nola fi kọ àdéhùn lórí ojúbọ Hercules tí wọ́n jọ ní, ní èdè Oscan. Ọ̀rọ̀ kan wà lára òkúta yẹn: kúmbened, "wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan." Ará Róòmù á ní convenit. Bí a bá yọ àfòmọ́ iwájú kúrò, ohun tó kù ni "wá": ven lẹ́nu Látìn, ben lẹ́nu Oscan. Ta ló pè é bó ṣe yẹ nínú àwọn méjèèjì? Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀. Sáńsíkírì ní gam, Gẹ̀ẹ́sì ní come. Ìró tó wà níbẹ̀rẹ̀ ni *gw: g tí ètè ká mọ́. Látìn sọ g nù, ó di w ìgbà náà tí wọ́n ń kọ ní v. Oscan pa méjèèjì pọ̀, ó di b. Ẹ fi gw yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún yọjú ní ilé wa.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú ife amọ̀ àwọn ará Falerii tó ń sọ Faliscan, níbi tí ọ̀mùtí kan ti kọ ọ́ pé òun yóò mu ọtí lónìí, lọ́la òun yóò wà láìní. Pipafo ni "èmi yóò mu," carefo ni "èmi yóò ṣàìní." Látìn ní b níbi tí Faliscan ní f, b yẹn náà ló sì wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ bí amābam, "mo máa ń fẹ́ràn." Àwọn onímọ̀ tọpa f àti b wọ̀nyí dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "jẹ́" tàbí "dà." Èyí ni pé ohun tí ọmọ ilé ìwé ń kọ́ sórí lónìí bí ìrù ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró nígbà kan. Ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó gbára lé e, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo fẹ́ fẹnu ba píìnì aṣọ Praeneste díẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tí wọ́n fi ń so aṣọ pọ̀, tó ti wà láti ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Jésù. Ọkùnrin kan kọ ọ́ sí i lára pé òun ni òun ṣe é fún ẹnì kan, fhefhaked ló sì lò fún "ṣe." Àpètúnpè ni: fhe-fhaked. Àwọn ará Róòmù tó wá lẹ́yìn á ní fēcit, wọn kò pe nǹkan kan ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní 1980, onímọ̀ kan, Margherita Guarducci, ní ayédèrú ni wúrà náà, àríyànjiyàn sì gbóná. Ìwádìí yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2011 ló wá fi hàn pé ojúlówó ni. Ìdí tí wọ́n fi bá ara wọn fà á tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré yẹn ń sọ fún wa pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ "ó ti ṣe" kí ọ̀kan tó borí. Gerhard Meiser ti kọ odindi ìwé lórí ìtàn ìgbà tó ti kọjá nìkan nínú Látìn, ní 2003, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a jiyàn títí di òní. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ náà ti parí kò tíì wo inú rẹ̀.

Àwa kò ní wàláà idẹ. Àkọsílẹ̀ Yorùbá tó pẹ́ jù tí Òyìnbó tẹ̀ jáde kò ju iye kíkà lọ, tí Bowdich gbé jáde ní 1819 lẹ́yìn ìrìnàjò rẹ̀ sí Kumasi. Ó pe èdè náà ní "Hio," Ọ̀yọ́ ló ń gbọ́. Ní 1843, Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì ní Freetown, jókòó ti àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, ó sì kọ nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ní èdè tó lé ní 100. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1854, ó kó Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Oǹdó àti Ìṣẹkírì sójú kan pẹ̀lú Ígálà, ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní Aku-Igala. (Àkú ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Freetown, nítorí "ẹ kú" wa tí kì í tán lẹ́nu.) Ọkùnrin náà kò dé Idah ní ilẹ̀ Ígálà, kò dé Ìbàdàn. Ẹnu àwọn tí ogun lé dé etíkun ló ti gbọ́ ọ, ó sì rí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbà: yàtọ̀ sí Ìṣẹkírì, Ígálà bá wa tan ju gbogbo èdè tó yí wa ká lọ.

Nítorí náà, ẹnu àwọn alààyè ni wàláà tiwa. Abiodun Adetugbo pín àwọn ẹ̀ka-èdè ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè ńláńlá nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 1967. Ní 1978, Olufemi Akinkugbe fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìṣẹkírì àti Ígálà wé ara wọn ìró sí ìró, ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ṣáṣá rárá: ẹni tó bá wọ mọ́tò ní ọjà yẹn, tó gba Ọjọ́ọ̀ kọjá, ó ti fẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ó yá, ká padà sórí ṣe àti se. Ígálà ní che fún "ṣe," wọ́n sì ní uchu fún "iṣu." Níbi tí ìwé Yorùbá ti ní ṣ, Ígálà ní ch. Ibi tí ìwé Yorùbá ti ní s ńkọ́? "Ẹ̀sán" ni ẹ̀lá lọ́dọ̀ wọn, "ẹsẹ̀" sì ni ẹrẹ. Kò sí ch níbẹ̀ rárá, l tàbí r ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni ṣ àti s ní ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn yòókù kàn pín in sí méjì, báwo ni Ígálà, tó ti yà lọ tipẹ́, ṣe mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi ch sí àti èyí tó yẹ kó fi l sí, tí pípín tirẹ̀ fi bá ti ìwé Yorùbá mu rẹ́gí? Kò lè mọ̀ ọ́n. Ìró méjì ni wọ́n láti ilẹ̀ wá, Ìbàdàn ló sì pa wọ́n pọ̀. Ṣe ló dàgbà. Kí àwọn oníyẹ̀yẹ́ má sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: Ígálà náà pa tirẹ̀ pọ̀. "Rà" di la, "rí" di li, "ẹ̀rin" di ẹ̀lẹ̀, tó fi jẹ́ pé l wọn gba ibi r wa àti díẹ̀ lára ibi s wa. Kò sí ọmọ kan nínú ilé náà tó gbé gbogbo ẹrù bàbá dání.

Gw tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn dà? "Ẹ̀wá" ni ẹ̀gwá lẹ́nu Ígálà. Ohun tí Látìn ṣe sí "wá" tirẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Yorùbá ṣe: g bọ́, w kù. "Ikú" náà ni ukwu lọ́dọ̀ wọn, àwọn kan á sì fẹ́ torí ìyẹn kọ *kwú sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ náà kíákíá. Èmi kò ní yára. K tó bá pàdé u lè mú w wá fúnra rẹ̀, nítorí ètè ti ká sílẹ̀ de u kí k tó parí. Àwọn ìbátan tó jìnnà kò sì gbè é: Ewe ní kú, Fọ̀n ní kú, àwọn onímọ̀ èdè Bantu sì ti kọ *-kú- sílẹ̀ fún ìyá àwọn èdè tó lọ láti Cameroon dé gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀gwá ló lágbára, nítorí a ló tẹ̀ lé gw níbẹ̀, a kì í sì í ká ètè. Ìró tí kò rí àwáwí kankan láyìíká rẹ̀ ni ẹni tó ń tún èdè àtijọ́ kọ́ máa ń gbà gbọ́ jù. Èyí ni mo fi ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lásán gbé orírun wa dé Íjíbítì.

Ti fáwẹ̀lì kò gba àlàyé gígùn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní ulé àti uná, Ígálà ní una. I tó bẹ̀rẹ̀ "ilé" àti "iná" ìwé wa jẹ́ àtúnṣe Ọ̀yọ́. Ohun tó kan ọ̀rọ̀-ìṣe jù ni bí àwọn ará àárín gbùngbùn yìí ṣe ń pe "ó." Lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà, ó kú, ṣùgbọ́n ọ́ lọ. Arọ́pò-orúkọ náà ń tẹ́tí sí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó tó mọ bí òun yóò ṣe dún. Láàárín ọ̀rọ̀ kan náà ni irú ìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, kì í sábà wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó dá dúró. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé "ó" ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ́kípẹ́kí nígbà kan, gẹ́gẹ́ bí "mo" àti "ìwọ" ṣe wà nínú ikùn ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn, àyàfi pé iwájú ni tiwa wà. Èdè Ọ̀yọ́, tó di èdè Bíbélì àti ìwé ilé ìwé, ti pàdánù ẹ̀rí yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ kí ọmọ Ọ̀yọ́ máa pe tirẹ̀ ní "Yorùbá gidi." Yorùbá gidi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló wá ń tọ́jú ẹrù àgbà.

Ọ̀rọ̀ ohùn náà wà. "Mo rà á," ṣùgbọ́n "mo ra iṣu." Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ á gòkè díẹ̀ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Ohùn òkè kan tún wà tó máa ń já bọ́ sẹ́yìn olùwà kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé, tí a ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí a kì í sábà kọ. Onímọ̀ èdè Ayo Bamgbose rí i bí ohun tó ń so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, Oladele Awobuluyi sì fẹ́ kó jẹ́ atọ́ka ìgbà. Lójú tèmi, kò sí ibi tó yẹ kí a wá ìtàn sí ju irú ibí yìí lọ. Sílébù a máa ṣubú, ohùn rẹ̀ a sì máa kù sílẹ̀ láìní ilé, bí a ṣe ń rí i nígbà tí "wá ẹ̀kọ́" bá di "wẹ́kọ̀ọ́."

Ìró ti ń ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n gírámà ọ̀rọ̀-ìṣe ló le. Ẹ wo Swahili. "Sè" ni pika. Pikia ni sè fún ẹnì kan. Pikwa ni kí wọ́n sè é. Pikisha ni mú kí ẹlòmíràn sè é. Ìrù kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ tí odindi ọ̀rọ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Carl Meinhof ti tún ìró ìyá Bantu kọ́ ní 1899, Meeussen sì kọ gírámà rẹ̀ ní 1967, ìrù wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ ní kíkún. Irú wọn tún fọ́n ká inú ọ̀pọ̀ èdè Niger-Congo tó jìnnà sí Bantu. Ní Ẹ̀dó, nítòsí wa níbí, ọ̀rọ̀-ìṣe lè gba ìrù tó ń sọ pé ohun náà ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tàbí sí ohun púpọ̀. Yorùbá kò ní in. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kúrú: kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, ohùn kan, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbàgbọ́ àti bàjẹ́ jà mí níyàn, kó gbìyànjú láti fi ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí sáàárín wọn: ó gbà mí gbọ́, ó ba ayé mi jẹ́. Méjì ni wọ́n. Larry Hyman kọ àròkọ kan ní 2004 lórí bí ọ̀rọ̀-ìṣe onírù ṣe ń di kúkúrú báyìí, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn: sílébù a dínkù, ìrù a gé, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn a sì wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Rà á fún mi. Fi ọ̀bẹ gé e. Mú un wá.

Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń ran òmíràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ náà kì í dúró sójú kan. Ní ọjà Ṣáṣá, ẹ máa gbọ́ "òjò fẹ́ rọ̀," ẹ máa gbọ́ "ilé yẹn fẹ́ wó." Òjò kò ní ọkàn tó fi ń fẹ́ nǹkan, kò sì sí ilé tó wù ú pé kó wó. Fẹ́ ti kúrò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró, ó ti ń di àmì ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ "mo fẹ́ ẹ" ṣì wà lẹ́nu olólùfẹ́. Máa náà ń ṣe iṣẹ́ méjì: "máa jẹun lọ" àti "mo máa jẹun." Ibi tí f Faliscan àti b Látìn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àyàfi pé a ń gbọ́ tiwa bó ṣe ń lọ.

Ẹ̀ka ìbátan wo ló wá yẹ kí a bi léèrè nípa ìrù tó gé? Ibí ni àwọn àgbà ìmọ̀ ti pín sí méjì. Joseph Greenberg, nínú ìwé rẹ̀ ti 1963, fi Yorùbá sí agbo Kwa pẹ̀lú Ewe àti Akan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìyanu: Ewe náà kúrú, Ewe náà ń lo ná, "fún," bí a ṣe ń lo fún, ogún kan náà ni. Ṣùgbọ́n ní 1977, Patrick Bennett àti Jan Sterk yọ Yorùbá, Ígbò, Ẹ̀dó àti Idoma kúrò níbẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ Benue-Congo, ilé tí Bantu wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń fi wọ́n sí lónìí. Ìyẹn yí gbogbo ẹjọ́ padà. Ó sọ pé ìbátan onírù ló sún mọ́ wa jù, àti pé àwa àti Ewe kò jogún kúkúrú yìí lọ́wọ́ bàbá kan náà. Àdúgbò ló kọ́ wa, láti ẹnu dé ẹnu, lẹ́yìn tí ilé ti pínyà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Látìn náà mọ ìjà yìí: Giacomo Devoto ti sọ tipẹ́ pé Látìn àti Oscan kì í ṣe ọmọ ìyá kan, pé gbígbé pọ̀ ní Ítálì ló mú wọn jọra, ọ̀pọ̀ kò sì gbà fún un nítorí pé Oscan náà ní fufans, "wọ́n wà," pẹ̀lú f yẹn gan-an.

Robert Armstrong, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn, gbìyànjú ní 1964 láti fi iye ọ̀rọ̀ tó ti yí padà ṣírò ìgbà tí èdè pínyà, ó sì ní nǹkan bí 2,000 ọdún ni Yorùbá àti Ígálà ti yapa. Mi ò gbé ọkàn lé ìṣirò yẹn, nítorí èdè kì í sọ ọ̀rọ̀ nù ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Ohun tí mo gbé ọkàn lé ni pé ó kéré tán, kí Ígálà tó yà, ìrù ti gé. Ígálà kúrú bí tiwa: che, la, li. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀bẹ ti gba ìrù náà kọjá kò ní rí i láàárín Ṣáṣá àti Idah. Ó ní láti fi àwa àti Ígálà pọ̀ sí apá kan, kó fi Ẹ̀dó, Ígbò àti Idoma sí apá kejì, kó sì máa bi ọ̀rọ̀-ìṣe wọn léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bí Akinkugbe ṣe bi àwọn ìró léèrè.